Mo fẹ́ bí èkejì, èyí àkọ́kọ́ kò sì tíì kúrò lẹ́nu ọmú: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Abiyamọ Tánkẹ̀:

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin bàbá wa àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Oyún mi ti wọ oṣù kẹsàn-án, a sì ń retí ìkúnlẹ̀ nígbàkigbà. Àkọ́bí mi ọkùnrin kò tíì pé ọmọ ọdún méjì. Ó ń sáré káàkiri ilé, ó ti ń sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n kì í sùn lálẹ́ àfi tí ó bá mu ọmú, bí ó bá sì jí lóru, ọwọ́ ni yóò fi máa wá mi kiri orí ibùsùn. Ìyá ọkọ mi, tí wọ́n ń gbé ní Ọ̀ffà, ti sọ pé ọjọ́ tí a bá ti ilé ìwòsàn dé gan-an ni àwọn yóò wá mú un lọ sọ́dọ̀ kí n lè ráyè tọ́jú ìkókó, àti pé nígbà tí yóò bá fi padà, yóò ti gbàgbé ọmú. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni wọ́n fi sọ ọ́, síbẹ̀ ọkàn mi kò gbé e. Yàrá kan àti pálọ̀ ni à ń gbé ní Tánkẹ̀, nílùú Ìlọrin, ibùsùn kan ṣoṣo ni a ní, ọkọ mi sì ń jáde láàárọ̀, ó di ìrọ̀lẹ́ kí ó tó wọlé. Mo fẹ́ kí ẹ̀yin tí ẹ ti gba ọ̀nà yìí kọjá sọ fún mi: ṣé kí n jẹ́ kí ó lọ ni, àbí kí ó wà nílé? Báwo ni ti ọmú? Kí sì ni mo gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún nígbà tí àwọn méjèèjì bá jọ wà nínú yàrá kan?

Ìyá Ìpàta:

Ẹ kú ìrọ́jú, abiyamọ. A ó gbọ́ ohùn ìyá, a ó gbọ́ ohùn ọmọ. Ọmọ márùn-ún ni Ọlọ́run fi ta mí lọ́rẹ, àwọn mẹ́ta nínú wọn sì tẹ̀lé ara wọn pẹ́kípẹ́kí, nítorí náà ọ̀rọ̀ yín kò ṣàjèjì sí mi. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì lè má mọ ohun tí wọ́n ń pè ní àbúrò, ṣùgbọ́n ó mọ̀ bí wọ́n bá gbé e kúrò nílé. Bí ó bá jẹ́ ọjọ́ tí ìkókó wọlé ni wọ́n di ẹrù tirẹ̀ lọ sí Ọ̀ffà, ohun tí yóò yé e ni pé ẹnì kan wọlé, òun sì jáde. Nígbà tí ó bá padà, tí ó bá ẹni náà lórí ẹsẹ̀ yín níbi tí òun ti máa ń jókòó, ẹ kò ní rí ọ̀rọ̀ tí ẹ ó fi yọ ọ́ kúrò lọ́kàn rẹ̀. Èrò tèmi ni pé kí ó wà nílé. Bí ìdí pàtàkì kan bá wà tí ó fi gbọ́dọ̀ lọ, ẹ jẹ́ kí ó ti lọ sùn lọ́dọ̀ ìyá àgbà ṣáájú ìkúnlẹ̀ kí ibẹ̀ lè mọ́ ọn lára, kí ó sì padà wá bá yín ní ọjọ́ tí ẹ bá dé tàbí ní ọjọ́ kejì rẹ̀.

Ní ọjọ́ tí ẹ ó wọlé náà, kì í ṣe ẹ̀yin ni kí ẹ gbé ìkókó wọ ẹnu ọ̀nà. Ẹ gbé e fún ọkọ yín tàbí ẹni tí ó bá tẹ̀lé yín, kí ọwọ́ yín méjèèjì ṣófo. Ọmọ tí kò rí ìyá rẹ̀ láti àná yóò sáré bọ̀ wá dì mọ́ yín. Ẹ jókòó, ẹ gbà á mọ́ra, ẹ jẹ́ kí ó fọwọ́ pa yín lójú, kí ó gbóòórùn yín títí yóò fi tẹ́ ẹ lọ́rùn, kí ẹ tó pè é láti wo ẹni tí ó wà lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Bí kò bá fẹ́ wò ó, ẹ fi í sílẹ̀. Yóò wò ó nígbà tí ó bá yá.

Ìyá Àgbà Ọ̀ffà:

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ jẹ́ kí n gbẹnu sọ díẹ̀ fún àwa ìyá ọkọ. Nígbà tí àwa ń bímọ, ìyá àgbà ló ń gba ọmọ tí ó ń rìn tẹ̀ẹ́tẹ̀ẹ́ sọ́dọ̀ bí àbúrò rẹ̀ bá dé, ọmọ náà kì í sì í ṣe bí ẹni tí wọ́n lé. Ṣùgbọ́n inú agboolé kan náà ni gbogbo wa wà nígbà náà. Ìṣísẹ̀ mélòó kan ni yàrá ìyá rẹ̀ sí tèmi. Bí ó bá sunkún ìyá rẹ̀, yóò rìn lọ bá a, bí ó bá ti tẹ́ ẹ lọ́rùn, yóò padà wá. Tánkẹ̀ sí Ọ̀ffà kò rí bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ ni ènìyàn ń wọ̀. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pẹ̀lú Ìyá Ìpàta, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyá ọkọ ni èmi náà.

Ohun tí mo fẹ́ kí o ṣọ́ra fún, ọmọ mi, ni bí ọ̀rọ̀ náà yóò ṣe dé etí ìyá ọkọ rẹ. Má fi ẹnu ara rẹ sọ fún wọn pé o kò fẹ́ kí wọ́n mú ọmọ lọ, nítorí ohun tí wọn yóò gbọ́ nínú rẹ̀ ni pé o kò fọkàn tán wọn. Jẹ́ kí ọkọ rẹ lọ bá ìyá rẹ̀ jókòó, kí ó bẹ̀ wọ́n pé àwọn ni kí wọ́n wá, pé kò sí ẹni tí yóò bá yín wẹ ọmọ, àti pé ẹ̀gbọ́n ọmọ nílò ẹni tí yóò máa bá a ṣeré. Ìyá àgbà wo ni wọn yóò bẹ̀ báyìí tí kò ní di ẹrù? Bí wọ́n bá sì dé, má jẹ́ kí ó jẹ́ ìkókó nìkan ni wọn yóò máa gbé. Oorun ni ìkókó ń sùn ní tirẹ̀. Ara ẹ̀gbọ́n ni iṣẹ́ wà.

Ẹ wá fi etí sí èyí dáadáa, nítorí mo ti rí i pẹ̀lú ojú mi ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Omi gbígbóná ìwẹ̀ ọlọ́mọ ni ewu tí ó tóbi jù fún ọmọ tí ó ń rìn. Wọn yóò gbé omi tí ó ń hó kalẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ balùwẹ̀, gbogbo ojú yóò wà lára ìkókó tí wọ́n fẹ́ wẹ̀, ọmọdé yóò sì rọra tẹ̀lé ìyá rẹ̀ wọlé, yóò fi ọwọ́ méjèèjì di etí bàsíà mú láti yọjú wo inú rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Kí omi tútù kọ́kọ́ wọ inú bàsíà kí a tó da gbígbóná lé e. Kí ilẹ̀kùn wà ní títì. Bí kò bá sí ẹlòmíràn nílé tí yóò di ẹ̀gbọ́n mú, ìwẹ̀ lè dúró.

Agbẹ̀bí Òmù-Àrán:

Ẹ ṣeun púpọ̀, Ìyá. Bí omi gbígbóná bá ta sí ọmọ lára, omi tútù tí ó mọ́ ni kí ẹ máa dà sí ojú ibẹ̀ fún nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú, lẹ́yìn náà kí ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ má fi ẹyin, epo pupa tàbí ọṣẹ ìfọyín sí i.

Ní ti ọmú, ẹ kò ní láti já àkọ́bí yín lẹ́nu rẹ̀ nítorí pé àbúrò rẹ̀ ń bọ̀. Ara ìyá lè ṣe omi ọyàn fún ọmọ méjì, gẹ́gẹ́ bí ti àwọn tí ó bí ìbejì, bí ó bá ti ń jẹun dáadáa tí ó sì ń mu omi. Ìkókó ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mu. Omi ọyàn àkọ́kọ́, èyí tí ó ki tí ó sì pọ́n díẹ̀, kì í pọ̀, òun ló sì ń dáàbò bo ọmọ tuntun lọ́wọ́ àrùn. Ìkókó yóò mu ọmú ní ìgbà 8 sí 12 láàárín wákàtí 24. Ẹ jẹ́ kí ó yó kí ẹ̀gbọ́n tó gbà. Kí ó má sì yà yín lẹ́nu bí ìgbẹ́ ẹ̀gbọ́n bá rọ̀ díẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, omi ọyàn tuntun náà ló ń fà á. Fún ìkókó, ọmú nìkan ni títí yóò fi pé oṣù mẹ́fà, láìfi omi tàbí àgbo sí i, ẹnikẹ́ni tí ó wù kí ó gbé e wá. Bí ẹ bá pinnu láti gba ọmú lẹ́nu ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣe é díẹ̀díẹ̀ ṣáájú ìkúnlẹ̀, tàbí kí ẹ ní sùúrù títí ilé yóò fi fara rọ. Kì í ṣe ọ̀sẹ̀ tí àbúrò rẹ̀ wọlé. Àwọn kan máa ń fi ewúro tàbí ata pa orí ọmú, ẹ má dán an wò, nítorí orí ọmú kan náà ni ìkókó yóò fẹnu kàn.

Ọ̀rọ̀ ibùsùn ló ń kọ mí lóminú jù nínú ohun tí ẹ kọ. Ọmọ tí ó ti ń rìn kò mọ ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbá bí ó bá ti sùn lọ, ó sì lè yí lu ìkókó láìmọ̀. Ẹ má tẹ́ àwọn méjèèjì síbi kan náà. Ẹ ra fóòmù kékeré kan sílẹ̀, kí ẹ̀gbọ́n máa sùn lórí rẹ̀ pẹ̀lú bàbá rẹ̀ tàbí ìyá àgbà, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ láti alẹ́ òní, kí ó má baà dà bí ẹni pé ìkókó ló lé e kúrò lórí ibùsùn. Kí ìkókó wà nítòsí ọwọ́ yín, níbi tí ó tẹ́jú tí kò sì rọ̀ jù, kí ẹ tẹ́ ẹ kí ó fi ẹ̀yìn lélẹ̀, kí ojú rẹ̀ kọ sókè, láìsí ìrọ̀rí tàbí òkìtì aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọ̀n ẹ̀fọn tí wọ́n fi oògùn sí tọ́ sí àwọn méjèèjì.

Ẹ má sì fi wọ́n sílẹ̀ nìkan nínú yàrá, kódà bí ó jẹ́ omi ni ẹ fẹ́ bù lẹ́nu ọ̀nà. Ìfẹ́ ni ọmọdé fi ń ṣe àbúrò rẹ̀ léṣe. Yóò máa jẹ bisikíìtì, yóò rò pé ó yẹ kí òun fún àbúrò òun nínú rẹ̀. Yóò rí ẹ̀pà nílẹ̀, yóò tì í bọ̀ ọ́ lẹ́nu.

Abiyamọ Tánkẹ̀:

Ẹ ṣeun, Ọlọ́run yóò san yín lẹ́san. Mo ti sọ ọ̀rọ̀ fóòmù fún ọkọ mi. Ẹ jọ̀wọ́, aṣọ tí àkọ́bí mi wọ̀ nígbà tí ó wà ní ìkókó ṣì wà nínú àpótí, mo sì kó káńfọ̀ sí i kí aáyán má baà jẹ ẹ́. Ṣé kí n kàn sá a sóòrùn fún èyí tí ń bọ̀?

Agbẹ̀bí Òmù-Àrán:

Inú mi dùn pé ẹ béèrè kí ìkókó tó dé. Ẹ má fi aṣọ náà wọ̀ ọ́. Àwọn ọmọ kan wà láàárín wa, wọn kò sì ṣọ̀wọ́n, tí a bí wọn pẹ̀lú àìtó ohun kan nínú ẹ̀jẹ̀ tí àwọn dókítà ń pè ní G6PD. Òórùn àti ẹ̀rún káńfọ̀ tí ó wà lára aṣọ lè mú kí ẹ̀jẹ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ máa bàjẹ́, kí ẹyinjú àti ara rẹ̀ sì pọ́n bí ìyeyè. Bí ibà pọ́njú náà bá le, ó lè ba ọpọlọ ọmọ jẹ́ títí ayé. Ẹnikẹ́ni kò lè fi ojú lásán mọ ọmọ tí ó ní in, pé kò sì ṣe ẹ̀gbọ́n ní nǹkan kan kò fi hàn pé kò ní ṣe àbúrò. Ẹ ra ìwọ̀nba aṣọ díẹ̀ tàbí kí ẹ tọrọ lọ́wọ́ ẹni tí kò kó káńfọ̀ sí tirẹ̀. Bákan náà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìpara tí ó ní mẹ́ńtọ́ọ̀lù pa ọmọ lára tàbí sí ìwọ́ rẹ̀. Jẹ́ẹ̀lì chlorhexidine tí wọ́n ń fún ọlọ́mọ ni kí ẹ fi sí ìwọ́.

Bí ojú ìkókó bá ń pọ́n bí ìyeyè, pàápàá ní ọjọ́ tí wọ́n bí i tàbí ọjọ́ kejì, bí kò bá mu ọmú mọ́, bí ara rẹ̀ bá gbóná tó 37.5°C tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, bí ó bá tutù rinrin, tàbí tí ó ń mí gúlegúle, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Omi glúkóòsì àti oòrùn àárọ̀ kì í wo ibà pọ́njú ìkókó.

Kí ẹ tó kúrò níbi tí ẹ ti bímọ, ẹ rí i pé wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́ àrùn ẹ̀dọ̀ láàárín wákàtí 24 àkọ́kọ́, àti BCG, ìyẹn abẹ́rẹ́ ikọ́ ẹ̀gbẹ, pẹ̀lú oògùn àkán-sẹ́nu ti rọpárọsẹ̀. Ẹ wo káàdì ẹ̀gbọ́n náà pẹ̀lú. Bí kò bá tíì gba abẹ́rẹ́ èèyi ti oṣù 9 àti ti oṣù 15, ẹ mú un lọ ní ọ̀sẹ̀ yìí, nítorí òun ló lè kó o wá sílé fún ẹni tí kò tíì tó gbà á.

Àáfà Pàkátà:

Àsàláámù aléékúmù. Ọ̀rọ̀ ọmú tí agbẹ̀bí wa sọ bá ohun tí ó wà nínú Kùráánì mu. Nínú Súrà Bákárà, áyà 233, Ọlọ́run sọ pé kí àwọn ìyá máa fún ọmọ wọn lọ́mú fún ọdún méjì gbáko fún ẹni tí ó bá fẹ́ pé e, ó sì fi kún un pé bí bàbá àti ìyá bá jọ fẹnu kò láti gbà á ṣáájú ìgbà náà, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ lọ́rùn wọn. Ìjíròrò láàárín ẹ̀yin méjèèjì ni, kì í ṣe ohun tí ará àdúgbò yóò pa láṣẹ.

Ọjọ́ kẹjọ, ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, ni mo fẹ́ kí ẹ múra sílẹ̀ fún. Ẹ mọ bí ó ṣe máa ń rí ní Ìlọrin: ilé yóò kún, ẹran yóò wà nílẹ̀, gbogbo ẹni tí ó bá wọlé yóò kọjá lára ọmọdé yìí láti lọ wo ìkókó. Ẹ yan ẹnì kan tí kò ní iṣẹ́ mìíràn lọ́jọ́ náà ju òun lọ. Kí wọ́n dá aṣọ fún òun náà. Níbi tí mo bá ti ń sọ ọmọ lórúkọ, mo máa ń ní kí wọ́n gbé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá síwájú, kí a kọ́kọ́ fi orúkọ tirẹ̀ ṣe àdúà. Ẹ lè bẹ àáfà yín kí ó ṣe bẹ́ẹ̀.

Mo sì bẹ gbogbo wa tí a máa ń lọ kí ọlọ́mọ, ẹ jẹ́ kí a dẹ́kun àwàdà kan. Ènìyàn yóò wọlé, yóò rí ọmọdé ní ìdúró, yóò ní, "Hẹn-ẹ̀n, wọ́n ti gba ọmú lẹ́nu rẹ, ìyá rẹ kò fẹ́ ọ mọ́." Gbogbo ilé yóò rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà kò rẹ́rìn-ín o, ó gbà á gbọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ ọ́ níwájú yín, kí bàbá ọmọ fèsì pẹ̀lẹ́ lójú gbogbo wọn pé, "Rárá o, tiwa ni, kò sí ẹni tí yóò gba àyè rẹ̀."

Abiyamọ Ajàṣẹ́:

Bí ó bá jẹ́ iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbé ọmọ jáde, ẹ kò ní lè gbé ẹ̀gbọ́n fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, òun kò sì ní mọ ìdí rẹ̀. Ẹ gbé àpótí ìjókòó kékeré kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga yín, kí ó máa gùn ún wá bá yín fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ fún ìkókó lọ́mú, ẹ fi ìrọ̀rí bo ojú ọgbẹ́ nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀.

Olùkọ́ Jẹ́lé-ó-sinmi, Gáà Àkáńbí:

Ọdọọdún ni à ń rí irú àwọn ọmọ yìí ní kíláàsì wa. Èyí tí ó ti ń sọ fún wa pé òun fẹ́ tọ̀ yóò tún máa tọ̀ sára, èyí tí ó ti ń fi kọ́ọ̀pù mu omi yóò ní fídà ni òun fẹ́, òmíràn yóò máa sọ̀rọ̀ bí ìkókó. Kì í ṣe ìwà ìbàjẹ́. Ó rí i pé ẹni tí kò lè ṣe nǹkan kan ni wọ́n ń gbé, ó sì fẹ́ kí wọ́n gbé òun náà. Ẹ pààrọ̀ ṣòkòtò rẹ̀ láìsọ̀rọ̀, ẹ gbé e díẹ̀, ẹ pọ̀n ọ́n bí ara yín bá gbà á. Yóò fi í sílẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ẹ kíyè sí iye ìgbà tí ẹ ń dárúkọ ìkókó bí ẹ bá ń kọ nǹkan fún un. "Má pariwo, ọmọ ń sùn." "Dúró ná, ọmọ ń mu ọmú." Kò ní pẹ́ tí yóò fi dá a lójú pé ọmọ yìí ló ń dí òun lọ́nà ohun gbogbo. Ẹ sọ pé ọwọ́ yín kò dilẹ̀, kí ẹ sì máa yí i padà nígbà mìíràn: ẹ kọjú sí ìkókó, kí ẹ̀gbọ́n máa gbọ́, kí ẹ ní, "Ìwọ, ní sùúrù ná, mò ń dá ẹ̀gbọ́n rẹ lóhùn." Mo ti rí ojú ọmọ tí ìyá rẹ̀ sọ èyí níṣojú rẹ̀, ńṣe ló gbé àyà sókè.

Yóò lu ìkókó lọ́jọ́ kan. Ẹ di ọwọ́ náà mú, ẹ sọ pé a kì í lu ọmọ, kí ẹ wá fi ọwọ́ yín darí tirẹ̀ láti fọwọ́ pa àtẹ́lẹsẹ̀ àbúrò rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ẹsẹ̀ ni kí ẹ fi kọ́ ọ, kì í ṣe ojú, nítorí ikọ́ àti kàtá tí àwọn ọmọdé ń gbé kiri. Ẹ má nà án. Ẹ fi iṣẹ́ tí agbára rẹ̀ ká lé e lọ́wọ́, kí ó lọ mú ọ̀já wá, kí ó gbé páńpáàsì wá. Bí ìkókó bá wà lẹ́nu ọmú tí ẹ kò lè gbé ẹ̀gbọ́n, ẹ máa fi oríkì rẹ̀ kì í. Àkànní ni o, Àjàgbé ni o, èyíkéyìí tí ó bá ń jẹ́, etí rẹ̀ yóò gbọ́ pé òun ni ẹ ń bá sọ̀rọ̀ bí ojú yín kò tilẹ̀ sí lára rẹ̀.

Bàbá Adéwọlé:

Ẹ̀yin bàbá tí ẹ ń kà á, ọ̀pọ̀ nínú ìmọ̀ràn yìí kò lè ṣeé ṣe bí a bá jókòó lẹ́yìn. Òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí ìyàwó rẹ̀ bá bímọ ní ẹ̀tọ́ sí ìsinmi ọjọ́ iṣẹ́ 14, ṣùgbọ́n kì í ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láàárín ọdún méjì. Ẹni tí kò sí lábẹ́ òfin náà lè tọrọ ọjọ́ díẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀, bí ó bá sì jẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́, kí ó máa tètè wálé. Kí bàbá gba ìwẹ̀ àti oorun alẹ́ ẹ̀gbọ́n ṣe láti ìsinsìnyí, ṣáájú ìkúnlẹ̀. Yóò sunkún ní alẹ́ àkọ́kọ́, kí ìyá má wọlé wá gbà á. Ní tiwa, mo máa ń pọ̀n ọ́n rìn yí ilé po títí orí rẹ̀ yóò fi tẹ̀ sí mi léjìká. Bí ó bá di Jímọ̀, a jọ ń lọ kírun.

Ṣùgbọ́n kí a má gba ẹ̀gbọ́n lọ́wọ́ ìyá pátápátá. Lójoojúmọ́, bí ìkókó bá ti yó, kí bàbá tàbí ìyá àgbà gbé e jáde lọ sí pálọ̀, kí ìyá àti àkọ́bí rẹ̀ wà nínú yàrá fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú láìsí ẹnikẹ́ni.

Ìyá Ìpàta:

Ẹnikẹ́ni kò tíì sọ̀rọ̀ oúnjẹ ẹ̀gbọ́n. Gbogbo ojú máa ń wà lára ìkókó, wọn yóò máa po ògì funfun fún ọmọ tí wọ́n ti gba ọmú lẹ́nu rẹ̀, láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́, títí irun rẹ̀ yóò fi máa pọ́n tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò sì wú. Ògì kò burú, ṣùgbọ́n kò lè dá ọmọ gbé. Ẹ lu ẹyin sí i tàbí kí ẹ fi ẹ̀pà lílọ̀ tàbí sóyà sí i. Ẹ fún un ní mọ́ínmọ́ín, ẹ̀wà tí ó jinná dáadáa, ẹja tí ẹ ti yọ egungun rẹ̀. Wàrà pọ̀ nílùú wa, ẹ sè é, ẹ gé e wẹ́wẹ́ sínú ọbẹ̀ fún un. Kí àwo rẹ̀ dá wà, kí ẹnì kan sì jókòó tì í títí yóò fi jẹun tán, nítorí ọmọ tí inú rẹ̀ bàjẹ́ kì í jẹun bí kò bá sí ojú tí ń wò ó. Ní ọjọ́ tí ẹ bá gbé ìkókó lọ gba abẹ́rẹ́ ọ̀sẹ̀ kẹfà, ẹ mú káàdì ẹ̀gbọ́n dání, kí wọ́n gbé òun náà sórí ìwọ̀n kí ẹ tó kúrò níbẹ̀.